Baba Oníkọ́ Nínú Kòtò Aláìnísàlẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Keje

Gbémiga ọmọ mi ti rí nǹkan tí yóò fi dí mi lọ́wọ́, kí n má baà máa ka àṣìṣe inú ìwé ìròyìn sí i létí nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Eré ni. Orí fóònù la ti ń ṣe é, kò sì ní àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ á kọ ọ́ síwájú rẹ pé ihò kan wà lápá òsì, omi ń kán, nǹkan kan ń mí nínú òkùnkùn. Ìwọ náà á kọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn rẹ fẹ́ ṣe, ní èdè Yorùbá, ẹ̀rọ á sì sọ fún ọ bóyá ó ṣì wà láàyè. Tó bá kú, ó kú náà nìyẹn.

Ọlátúbọ̀sún ló ni eré náà, ọ̀rẹ́ Gbémiga. Ó ní ọ́fíìsì ní Dubai Investments Park, ó sì ní irùngbọ̀n kan tó máa ń fọwọ́ pa bí ẹni tó ń pa ọmọ ológbò lára. Kòtò Aláìnísàlẹ̀ ló sọ eré rẹ̀. Ó ní ẹ̀bùn wà nísàlẹ̀. Mo bi í lórí WhatsApp pé ìsàlẹ̀ wo. Kò tíì dáhùn.

Mo jáde lọ ra búrẹ́dì ní Al Qusais, àdúgbò wa ní Dubai níbí. Kí n tó sọdá títì, ìrì ti bo gíláàsì ojú mi. Ooru tó ń sunkún rèé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje

Mo ti dá ẹ̀dá ìtàn mi. Ẹ̀rọ ní kí n yan ọ̀kan: jagunjagun, oṣó, olè tàbí ọdẹ. Mo kọ ọ́ pé olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní òun ò mọ ìyẹn. Mo kọ ọ́ pé arúgbó. Ó gbà. Mo sọ ọ́ ní Baba Oníkọ́, mo fún un ní àtùpà, ọ̀pá, ikọ́ mi, àti orúnkún mi ọ̀tún.

Gbémiga dá jagunjagun tirẹ̀, Balógun Idà Iná. Kò pé tí Balógun wọlé tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ odò kan tí kò mọ orísun rẹ̀, ó mu ún, ó kú. Ohun tí Gbémiga fúnra rẹ̀ ṣe nígbà tó wà ní praimárì nìyẹn, àfi pé nígbà yẹn a rí dókítà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje

Òkú sùn lọ rẹpẹtẹ nínú àwa tí a jọ ń ṣe eré náà. Ẹnìkan tẹ okùn tó rò pé gbòǹgbò ni. Ẹnìkan kí ère, ère sì dá a lóhùn. Àwa tó kù ò ju mẹ́ta lọ. Ṣínà wà níbẹ̀, ọmọ Ìkòròdú tó ń di ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó fún àwọn oníṣòwò ní Deira. Ẹ̀dá tirẹ̀ ń jẹ́ Bọ́ọ̀sì, ọkùnrin aláàáké tí kì í ronú. Nusirat wà níbẹ̀, tó ń gbé bedspace, ibùsùn kan ṣoṣo nínú yàrá ọlọ́pọ̀ èrò, ní Al Satwa. Ọdẹ ni tirẹ̀, Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀, kì í ta ọfà ṣòfò.

Ọlátúbọ̀sún wá kéde ẹ̀bùn lónìí. Ó fi ohùn ránṣẹ́, ó gùn bí ìwàásù: ẹni tí ẹ̀dá rẹ̀ bá dá jáde láàyè ni yóò gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì òun, tòun ti físà, láti máa kọ àwọn kòtò mìíràn. "Ọ̀làjú ní èdè abínibí," ó pè é. Ṣínà ní, "Ọ̀gá, Yorùbá ni ẹ sọ, tàbí nǹkan míì?"

Lálẹ́ òní, Nusirat ló kọ́kọ́ wọlé, òun ló sì jáde kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Keje

Ẹranko kan tí kò lójú ń wá wa kiri nínú ihò. Ṣínà ń kígbe lórí WhatsApp: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ikọ́ yẹn dání o! Ikọ́ yín yìí á jí i!" Ó jí i lóòótọ́. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé: *Ẹranko náà gbóòórùn Baba Oníkọ́. Ó yí imú kúrò. Ó kọjá lọ.*

Iṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ nìyí ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Wọn ò fẹ́ mi jẹ.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Keje

Kò sí eré. Orúnkún.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Keje

Bọ́ọ̀sì kú lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Iná ń lé wa bọ̀ nínú ọ̀nà tóóró. Èmi àti Àṣàkẹ́ ti dé inú yàrá olókùúta, Bọ́ọ̀sì kù sẹ́yìn, Ṣínà ò sì kọ nǹkan kan. A pè é, kò gbé fóònù. Mo ní ká fún un ní àyè díẹ̀ sí i. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán ni mo rí ohun tí Nusirat ti kọ: "Mo ti ilẹ̀kùn."

Ẹ̀rọ fèsì: *Ẹ gbọ́ ọwọ́ tó ń gbá ilẹ̀kùn. Ọwọ́ náà gbá a pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.*

Ohùn Ṣínà wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ariwo ọkọ̀ ẹrù lẹ́yìn rẹ̀. "Nusirat! Fíríìjì ni mo ń gbé! Fíríìjì oníbàárà, mo gbé e sórí, ọwọ́ wo ni ǹ bá fi tẹ fóònù? O wá tilẹ̀kùn mọ́ mi!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Iná ń bọ̀ ni."

"Iná ń bọ̀, Bọ́ọ̀sì náà ò ha ń bọ̀? Wallahi, ojú ẹ le. Khalas, ó tán."

Mo ti kọ́ ọmọ lọ́pọ̀ ọdún, mo mọ ọmọ tó ń ṣeré àti èyí tó ń sá fún nǹkan. Èyí ń sá ni.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Keje

Gbémiga gbé mi dé Al Satwa. Èmi àti Nusirat mu tíì oníwàrà ní káfítéríà kan láàárín àwọn télọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju Àṣàkẹ́ lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi lórí ilẹ̀ táìlì tó tutù, mo ní kó dìde, ó ní kò burú, ó tún kúnlẹ̀ kí mi ká lè rí i pé ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ wò ó, èmi ò ṣeré o."

Físà àbẹ̀wò rẹ̀ yóò parí láàárín oṣù tó ń bọ̀. Ó ti fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri ìlú yìí, kò sẹ́ni tó fèsì àyàfi ọ̀kan tó ní kó fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́, kó má sì wọ ìbòrí. Ìtàn ló fẹ́ máa kọ. Láti kékeré ló ti ń kọ ọ́.

"Tí n bá padà, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ó ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ dè mí. Ó pè mí lánàá, ó ní òun ti nu àga mi."

Ó fi ìtàn méjì hàn mí. Wọ́n dára, ìyẹn sì bà mí nínú jẹ́ díẹ̀, torí ó máa ń rọrùn láti gba ẹni tí kò lẹ́bùn nímọ̀ràn. Àmì ohùn rẹ̀ nìkan ló dà bí ẹni tó da iyọ̀ sílẹ̀: ibi tó bá ṣubú sí ló wà.

Mo sọ fún un pé èmi ò nílò físà ẹnikẹ́ni. Tí èmi àti òun bá dé ìsàlẹ̀, Baba Oníkọ́ á kú. Ó tún kúnlẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Keje

A ti sọ̀kalẹ̀ gidigidi. Àtùpà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Iyanrìn bo ojú fèrèsé láti àárọ̀, Raliat ìyàwó Gbémiga sì ń fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó béèrè pé ṣé n ò ní jẹun. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ sọdá afárá. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo òrùlé.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kẹjọ

A dé ìsàlẹ̀ Kòtò Aláìnísàlẹ̀. Ó ní ìsàlẹ̀ náà, ó tó ilé ìdáná.

Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé: *Kòtò kan wà níwájú yín, ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn kì yóò ṣí àfi tí ẹnìkan bá pàṣẹ fún ẹnì kejì kó bọ́ sínú kòtò. Kòtò kì í gba ẹni tó fúnra rẹ̀ bọ́ sí i.*

Irú ọgbọ́n tí irùngbọ̀n máa ń bí nìyí. Mo kọ́kọ́ dán an wò: "Mo bọ́ sínú kòtò." Ẹ̀rọ ní: *Kòtò bì ọ́ jáde.* Mo bá pe Nusirat lórí fóònù.

"Ó yá. Pàṣẹ fún mi."

"Bàbá, n ò lè ṣe é."

"Baba Oníkọ́ kì í ṣe èmi."

"Ikọ́ yín gan-an ló ń wú!"

Mo jágbe mọ́ ọn. Ohùn kíláàsì ni mo lò, èyí tí mi ò lò láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ bó ṣe ń fa imú. Ohun tó kọ ló hàn síwájú mi:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bọ́ sínú kòtò."

Ẹ̀rọ fèsì: *Baba Oníkọ́ àti Àṣàkẹ́ ti bọ́ sínú kòtò. Kò ku ẹnìkan. Eré parí.*

Mo nu gíláàsì mi, mo tún un kà. Mo rò pé ojú ló ń tàn mí. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó yé mi. *Ẹ.* Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé èèyàn kan ṣoṣo lè jẹ́ *ẹ*. Ó gbọ́ *ẹ*, ó ka gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá, ó sì tì wọ́n sí i.

Lórí fóònù, Nusirat ń béèrè pé, "Bàbá, kí ni mo ṣe? Kí ni mo ṣe?"

O bọ̀wọ̀ fún mi ni. Mi ò sọ ọ́. Mo ní kó lọ mu omi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ bá Ọlátúbọ̀sún ní ọ́fíìsì rẹ̀. Gbémiga ń wakọ̀, ó ń bẹ̀ mí kí n má sọ̀rọ̀ bí olùkọ́. Mo ní mo ti gbọ́.

Ó gbà wá tayọ̀tayọ̀, ó fi dábínù lọ̀ wá. Ó ní òun ti ka àkọsílẹ̀ eré náà, ó ní ó "jinlẹ̀." Mo ní kó jí Àṣàkẹ́ dìde, àṣìṣe ẹ̀rọ ni.

"Bàbá mi, ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe. Ẹ̀yin túmọ̀ sí ju ẹnìkan lọ. Logic ni. Ẹ̀rọ ò mọ bàbá ẹnikẹ́ni."

"Túbọ̀sún, tí o bá fẹ́ kí ìyá rẹ jókòó, kí lo máa ń sọ?"

Ó fọwọ́ pa ológbò àgbọ̀n rẹ̀. "Mo máa ń sọ pé, Mum, sit down."

Mo mú dábínù kan. Kò sí ohun tó kù fún mi láti fi èdè ṣe níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àánú ṣe é, tàbí ohun tó ń pè ní àánú. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àlejò kan tó fẹ́ fowó sínú iṣẹ́ náà ń bọ̀ wá wo eré. Ó ní ẹ̀rọ ti ń gbọ́ ohùn báyìí, ẹnu ni wọ́n á fi máa sọ ọ́, kò sí títẹ̀ mọ́. Òun á dá yàrá ìkẹyìn padà, èmi àti Nusirat á dúró níwájú ara wa, kó pàṣẹ. Tó bá gbẹnu sọ ọ́ dáadáa, iṣẹ́ di tirẹ̀. Tó bá sọ *ẹ* lẹ́ẹ̀kan péré, khalas.

"Àwọn àlejò á fẹ́ràn ẹ̀," ó ní. "Emotion wà níbẹ̀."

A padà sílé. Gbémiga wá ní, "Bàbá, eré náà ti ń burú." Mo ní ìgbà wo ló dára rí.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní káfítéríà. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún na ọmọ torí pé ó pe àgbà ní *ìwọ*. Wàyí o.

"Sọ pé: Ìwọ."

"Ẹ̀yin."

"Ìwọ."

"Ì..." Ó wo àwọn télọ̀ tó ń kọjá. "Bàbá, ẹnu mi ò gbà á. Tí màmá mi bá gbọ́ ńkọ́?"

"Màmá rẹ wà ní Ìlá Ọ̀ràngún."

"Wọ́n á gbọ́."

Mo ní kó máa wo ife mi, kó bá ife sọ̀rọ̀. Ó pe ife ní *ìwọ* láìsí wàhálà. Mo gbé ife náà sókè dé iwájú ojú mi. Ó pe ife ní *ẹ̀yin*.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ

Ó fi ohùn ránṣẹ́, ó ti ń kọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. "Ìwọ, bọ́ sínú kòtò. Ìwọ, bọ́ sínú kòtò, sà." Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

*Sà* náà á pa á.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ

Mo yí ọ̀nà padà. Mo ti rí i pé ọ̀wọ̀ ò sí ní ẹnu rẹ̀, inú rẹ̀ ló wà, ibẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ dé.

Mo sọ fún un pé ìtàn rẹ̀ dà bí ìkéde òkú lórí rédíò. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe bó ṣe nu àga sílẹ̀, torí ibẹ̀ ló bá a mu. Ó tẹjú mọ́ ife rẹ̀. Mo ní ọmọ rere kọ́ ni, ọmọ tó bá gbọ́ tí èèyàn ń gbá ilẹ̀kùn nínú iná tí kò ṣí i, irọ́ ni gbogbo ìkúnlẹ̀ rẹ̀, orúnkún lásán ló ń tà fún mi.

Ó gbójú sókè. N ò rí ojú yẹn rí.

"Ìwọ bàbá yìí, dákẹ́! Dákẹ́ ẹnu ẹ! Ẹnu ẹ ń rùn!"

Ọmọ Íńdíà láti Kẹ́rálà tó ń ta tíì yọjú. "Problem, uncle?"

Mo ní kò sí problem. Nusirat ti fọwọ́ bo ẹnu, ó ti bọ́ sílẹ̀ láàárín àga, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, *ẹ* ti ń dà wọlé bí omi. Mo ní kó dìde, ó ti yege. Mo bá a sanwó tíì.

Nígbà tí mo délé, mo bi Gbémiga bóyá ẹnu mi ń rùn lóòótọ́. Ó ní rárá. Ó yára dáhùn jù.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ

Ṣínà pè. Ó ní òun ń bọ̀ wá wòran lọ́la. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ẹni tó lè ti ilẹ̀kùn yẹn ò nílò ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin lẹ rò pé ẹ̀ ń kọ́ ọ."

Mo ní kó lọ gbé fíríìjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹjọ

Àwọn àlejò jókòó sórí àga aláwọ, àwọn kan wọ kaǹdúrà, ẹ̀wù gígùn funfun àwọn Lárúbáwá, àwọn kan wọ kóòtù. Ọlátúbọ̀sún fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún wọn pé ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín ọmọ àti àgbà, àti pé wọ́n máa tó rí i bó ṣe máa já. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò mọ ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá rèé.

Wọ́n ní kí n dúró síwájú Nusirat. Ó wọ ìbòrí aláwọ̀ ewé. Kò kúnlẹ̀, mo ti sọ fún un kó má ṣe é. Ẹ̀rọ ka yàrá náà sókè: kòtò, ilẹ̀kùn. Ó wò mí lójú.

"Ìwọ arúgbó yìí, bọ́ sínú kòtò."

Ó mọ́ kedere. Gbogbo àmì ohùn wà ní ipò rẹ̀. Inú mi dùn bí inú olùkọ́.

*Baba Oníkọ́ ti ṣubú,* ẹ̀rọ wí. *Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kan di etí kòtò mú. Ó ń wò ọ́.*

Èyí ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo wo Ọlátúbọ̀sún, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò rẹ̀. Ó ti fi kún un nítorí tiwọn. Kò sì sí ohun tó kan Nusirat nípá: ilẹ̀kùn ti ṣí, kó ṣáà sọ pé òun jáde lọ, iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Ó lè fà mí sókè pàápàá. Mo mi orí sí i díẹ̀, kó lè mọ̀ pé ó ti tó, kó máa lọ.

Nusirat wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi gidi, èyí tó di orí ọ̀pá mú.

"Mo gé ìka ẹ̀," ó wí. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó wọ kaǹdúrà ní "Wallah!", ó sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ló sọ gan-an. Ṣínà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Wọ́n fà á lọ ya fọ́tò. Mo dúró kí n lè kí i kú oríire. Àwọn èèyàn pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo jókòó sínú mọ́tò, Gbémiga tan ẹ̀rọ amúlétutù fún mi.

"Bàbá, eré ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni."

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ físà rẹ̀. Gbémiga ló sọ fún mi.

Iṣu ti wọ́n ní Sharjah. Raliat ra ọ̀kan, inú rẹ̀ ti dúdú.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kẹjọ

Nusirat kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp. Ó ti ń gbé yàrá tirẹ̀ ní Al Qusais níbí, kò jìnnà ju ibi tí orúnkún mi lè rìn dé lọ. Kò sọ pé òun ń bọ̀ wá kí wa. Ó ní kòtò tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, òun fẹ́ kí n bá òun fi àmì ohùn sí ojú ìwé àkọ́kọ́, torí Ọ̀gá Túbọ̀sún ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù.

Ojú ìwé náà dára. Gbólóhùn rẹ̀ ti le, ó ti gbẹ, kò sí ọ̀rọ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ mọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí, lẹ́yìn tí mo tún un ṣe:

*Òkú arúgbó kan dí ẹnu ọ̀nà. Kò ní ìka. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí o kọjá.*

Kò sí àṣìṣe gírámà kankan níbẹ̀. Àmì nìkan ni mo fi sí i. *Ẹ* kan ṣoṣo ló dá dúró nínú gbogbo rẹ̀, kì í sì í ṣe ti ọ̀wọ̀: ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ ni. Mo fi àmì òkè lé e lórí, mo fi ránṣẹ́ sí i.